Ta Ló Sọ Fún Ẹ?

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pariwo. Ògiri agbo ilé yìí létí. Ẹ ti gbọ́ ti ọmọ Tíṣà, àbí ẹ ò tíì gbọ́? Mémoire tó kọ, èyí tí ì bá fi gba ìwé ẹ̀rí ní yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà ti dá a padà fún un. Wọ́n ní yíǹkì pupa inú rẹ̀ ju dúdú lọ. Kí ni mo ń sọ pé "wọ́n ní" sí? Ojú mi yìí ló rí i, lórí tábìlì yìí. Ojú ewé kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ yíǹkì, èyí tó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá síbí lè máa rò ó pé báwo ni ìwé ọmọ ọlọ́mọ ṣe dé ọwọ́ mi. Ìwé ta ni kì í gba ọwọ́ mi kọjá ní Ṣábẹ̀ ìlú wa yìí? Iṣẹ́ dáktílò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní í dárúkọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò yìí, mo gbé kọ̀ǹpútà lé e, mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwọn ènìyàn sì ń pè mí ní Màmá Dáktílò. Ìwé ìbéèrè iṣẹ́, ìwé ẹjọ́ ilẹ̀, ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, ìwé ìfẹ́ pàápàá (ẹ má bi mí ti ta ni), gbogbo rẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Mo sì máa ń kà á. Àwọn kan ní kò yẹ kí atẹ̀wé máa ka ohun tó ń tẹ̀. Ṣé kí n wá dijú tẹ̀ ẹ́ ni?

Kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà wá kọ? Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín ná. Ìbéèrè kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ló sọ fún ẹ? Ọmọ Tíṣà kọ ọ́ pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwọn obìnrin Ṣábẹ̀ mọ òwò ṣe. Yíǹkì pupa ní: ta ni gbogbo ayé? Ó kọ ọ́ pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ti ń mú ọrọ̀ wọ ìlú wa. Yíǹkì pupa ní: ìgbà ìwáṣẹ̀ wo ni ọkọ̀ ojú irin wà? Ó kọ ọ́ pé àwọn onímọ̀ kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ò gbà. Yíǹkì pupa ní: dárúkọ wọn.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé inú agbo ilé yìí la ti tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ta ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí tí a óo gbà á lẹ́nu rẹ̀? Bí mo bá wí fún yín pé ìyàwó Bàbá Télọ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ (ẹ má yíjú síbẹ̀, ó jókòó síta), ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló sọ. Bí mo bá ní Ìyá Alákàrà ni, ẹ ó bi mí bóyá òun fúnra rẹ̀ ló rí i tàbí wọ́n sọ ọ́ fún òun náà ni. Ẹ ó bi mí pé ọjọ́ wo, àpò mélòó, àti pé ṣé kì í ṣe pé ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Glazoué ni. Ẹ ó tún rántí pé Ìyá Alákàrà àti obìnrin yẹn kì í kí ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti jà nídìí omi, nítorí náà ẹ ó yọ díẹ̀ kúrò nínú ohun tó bá sọ. Lẹ́yìn èyí lẹ óo lọ wá ẹlòmíràn tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà, ẹ ó bi òun náà kí ẹ tó gbà. Àwa olófòófó gidi, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń bẹ ọmọ Tíṣà pé kó ṣe náà nìyẹn. Bó bá ń fẹnu sọ̀rọ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bó bá ti di bíìrò mú báyìí, ó parí! Á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi minísítà.

Ẹ ò tíì gbọ́ àkòrí tó kọ́kọ́ gbé wá. "Ìdàgbàsókè ilẹ̀ Áfíríkà láti àtijọ́ títí di òní." Mo ní, ọmọ mi, ọdún mélòó ni wọ́n fún ẹ? Ó ní oṣù díẹ̀ ni. Mo wò ó, mo tún wo àkòrí náà. Ó lọ, ó gé e kù, ó ní "Ìdàgbàsókè Bẹ̀nẹ̀." Ó tún gé e, ó ní "Ọkọ̀ ojú irin ní Bẹ̀nẹ̀." Èyí ti fẹ́ jọ nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yàtọ̀ sí ohun tí a fẹ́ mọ̀. Àkòrí ni "ọkọ̀ ojú irin." Kí lo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀? Kò mọ̀. Ìyá Alákàrà ló ń kọjá lọ pẹ̀lú ọpọ́n lórí, kò tilẹ̀ dúró, ó ní: "Ṣé kò ní í bi wá léèrè ohun tí a jẹ lẹ́yìn tí tíréènì ò kó èrò mọ́ ni?" Ọmọ Tíṣà di bíìrò mú. Èmi ò mọ̀ bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń rí ìbéèrè tiwọn, ṣùgbọ́n lẹ́nu alákàrà ni ti ọmọ wa ti wá: àwọn obìnrin tó ń tajà ní ibùdókọ̀ ojú irin Ṣábẹ̀, kí ni wọ́n yí sí nígbà tí èrò ò sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ mọ́?

Ìbéèrè gidi nìyẹn, nítorí pé a lè dá a lóhùn, a sì lè rí ẹni tí a óo bi. Ojú irin yẹn, láti Kútọnu dé Párákù, kìlómítà 438 ni, ìlú wa sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní 1959 ni OCBN, ilé iṣẹ́ tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀r jọ ní, bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó o. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ ọ́n. Bí tíréènì bá ti fọn fèrè, gbogbo wa ni yóò sáré: ẹlẹ́kọ, onígààrí, oníṣu sísè, àwọn Fúlàní pẹ̀lú wàrà. Ojú fèrèsé la ti ń tajà. Ọkùnrin kan na ọwọ́ gba àkàrà lọ́wọ́ Ìyá Alákàrà, ó ní òun ń wá owó nínú àpò, ó ń wá a, ó ń wá a, tíréènì gbéra. Títí di òní ni Ìyá Alákàrà ń wá ọkùnrin náà. Ó ní bó bá ti kú pàápàá, kí wọ́n fi ibojì rẹ̀ han òun. Ọmọ Tíṣà fi ìtàn yìí sínú mémoire, ó dára, àmọ́ ó wá kọ ọ́ síwájú pé "gbèsè àìsan ló ba òwò ibùdókọ̀ náà jẹ́." Ẹnì kan ṣoṣo tí ẹnì kan ṣoṣo jẹ ní gbèsè! Yíǹkì pupa ò jẹ́ kí èyí náà lọ lófìfo.

Ojú ewé kẹrin ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó tíì kọ̀wé nípa Ṣábẹ̀ rí. Irọ́ tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga fẹ́ràn jù lọ nìyẹn, nítorí pé ó dín ìwé kíkà kù. Àlùfáà Thomas Mouléro ńkọ́, ọmọ Kétu, ọmọ Dahomey (orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà) àkọ́kọ́ tí ìjọ Kátólíìkì fi jẹ àlùfáà, ní 1928? Ó kọ ìtàn Ṣábẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Études Dahoméennes ní 1964. Montserrat Palau Marti ńkọ́, obìnrin onímọ̀ tó kọ odidi ìwé lórí Ṣábẹ̀ àti àwọn ọba rẹ̀ ní 1992? Biodun Adediran ńkọ́, tó kọ nípa àwọn ìjọba Yorùbá ìwọ̀ oòrùn, Kétu àti àwa náà nínú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn ní 1994? Ọmọ náà ní òun wá a ní íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ò rí i. Mo ní, báwo lo ṣe kọ orúkọ ìlú? Ó ní Savè. Ha! Savè ni Faransé ń kọ. Mouléro kọ ọ́ ní Chabê. Àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ń kọ ọ́ ní Sabe, àwọn kan nínú wọn á fi àmì sábẹ́ S. Bí o bá fi orúkọ kan ṣoṣo wá ìwé, àwọn ìwé yòókù á jókòó síbi tí wọ́n wà, wọ́n á máa wò ẹ́ níran.

Ọ̀rọ̀ dé orí Johnson wàyí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí àwọn ọmọ ọba pín ogún, Oníṣábẹ̀, ọba tiwa, ló jogún màlúù? Alákétu gba adé, Olówu gba aṣọ, Ọ̀ràngún kó àwọn ìyàwó, tiwa sì ni màlúù. (Èmi ò ráhùn o, màlúù ṣì ń bí, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé adé ì bá dára?) Ọmọ Tíṣà kọ ìtàn yìí sílẹ̀, ó ní "ìtàn sọ pé." Ìtàn ò ní ẹnu. Samuel Johnson ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà tó wà ní Ọ̀yọ́, nínú ìwé ńlá rẹ̀ nípa ìtàn Yorùbá. Kí o dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọmọ Kétu tàbí ọmọ Òwu lè ní irọ́ ni. Bó bá fẹ́ jà, kó mọ ẹni tí yóò bá jà.

Johnson yìí, olófòófó ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ohun tí mo ń wí ni pé ó dárúkọ àwọn tó sọ fún un, níbẹ̀rẹ̀ ìwé gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó bi í: David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn, Josiah Oni, oníṣòwò tó rin ilẹ̀ Yorùbá já, Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ìlú gbà pé ó mọ ìtàn. Ẹ wo bó ṣe ṣe é! Kò kàn kó orúkọ jọ, ó sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan fi tó gbà. Èyí yìí rìn púpọ̀, èyí yìí wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, àwọn òpìtàn òde òní ṣì ń bá a jà, wọ́n ní ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo gbogbo wa. Wọ́n ráyè bá a jà nítorí pé ó fi ọ̀nà tó gbà hàn wọ́n.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà? Omijé ni. Ó parí rẹ̀ ní 1897, lẹ́yìn iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó ní 1899. Kò sí èsì. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, lọ bá atẹ̀wé náà ní 1900, atẹ̀wé ní ìwé ti sọnù, òun sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó! Samuel kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́kọ tí kò tíì dán, èyí tó fi sílé, ni àbúrò rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tó ṣetán, ó fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun Appam. Ogun àgbáyé kìíní ló ń jà lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní 1916, ọkọ̀ ogun Jámánì tí wọ́n ń pè ní Möwe mú Appam lójú òkun, ó darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ìtàn Yorùbá sì bá wọn lọ! Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah náà sì ti kú ní 1920. Mo sọ ìtàn yìí fún gbogbo ọmọ tó bá gbé mémoire wá fún mi lórí ike USB kan ṣoṣo tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà. Má ju ìwé àkọ́kọ́kọ nù. Fi ọ̀kan sí ímeèlì ara rẹ. Tẹ ọ̀kan sórí bébà, gbé e fún ìyá rẹ. Wọ́n á ní Màmá Dáktílò ń wá owó bébà. Ó rí bẹ́ẹ̀, mò ń wá a, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi Obadiah.

Ibo ni mo dé? Yíǹkì pupa.

Bí a ṣe ń to mémoire, ìyẹn ò le, n kò sì ní í fi gba àkókò yín. CAMES, ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àwa àti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé jọ wà nínú rẹ̀, ti fẹnu kò lórí rẹ̀ ní Bàmákò ní 2016, fún àwọn tó ń kọ̀wé nípa èdè, ìtàn àti àwùjọ. Bí ìwádìí bá jẹ́ ti orí pápá, ìfáàrà ni, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀nà tí o gbà ṣe é, lẹ́yìn rẹ̀ ohun tí o rí àti bí o ṣe rò ó sí, ìparí, àti àtòjọ ìwé. Bí o bá tọ́ka sí ẹnì kan, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, ọdún, ojú ewé. Bí ọ̀rọ̀ tí o yá bá ju ìlà mẹ́ta lọ, yọ ọ́ sọ́tọ̀, fà á wọlé díẹ̀ kúrò létí ìwé. Àkópọ̀ kékeré tó máa ń wà níwájú, ìgbà tí o bá parí ni kí o tó kọ ọ́, nítorí pé o kò lè ṣe àkópọ̀ ohun tí o kò tíì mọ̀. Ọmọ Tíṣà ló kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Ó ṣèlérí orí márùn-ún níbẹ̀, mẹ́ta ló wà nínú ìwé. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ kà á léraléra, mo rò pé ẹ̀rọ mi ló gbé méjì mì.

Ṣùgbọ́n ojú ewé 37! Ẹ dákun, ẹ di ara yín mú. Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ, Faransé ọmọ náà, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó ń ta gẹ́gẹ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó tọ́. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í dán, gbólóhùn gùn, kọ́mà wà níbi tó yẹ. Mo ní hẹ̀n-ín. Ìlà kẹta, ọmọ Ṣábẹ̀ kọ ọ́ pé "níbí lọ́dọ̀ wa ní Kánádà." Mo pè é. Mo ní, ìgbà wo lo lọ Kánádà, tí o ò sì kí wa pé ó dàbọ̀? Ó wo ilẹ̀. Ó ní òun gbàgbé láti yọ ọ́ ni. Ẹ gbọ́ o: kì í ṣe pé ó gbàgbé láti dárúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ó gbàgbé láti yọ Kánádà. Ará Kánádà yẹn ò bínú bí o bá yá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fi àmì sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, kọ orúkọ rẹ̀, ó tán. Bí o bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ sọ ohun tó sọ, o ṣì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, nítorí pé èrò náà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ ìyẹn. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ti pààrọ̀ "ńlá" sí "títóbi," ẹrù ti di tàwọn.

Nísinsìnyí wọ́n tún ti rí ẹ̀rọ kan tó ń bá wọn kọ ọ́. Wọ́n á bi í, á rọ̀jò ọ̀rọ̀, á sì dárúkọ ìwé àti ojú ewé. Ọmọ kan láti àdúgbò kejì gbé irú rẹ̀ wá, ìwé mẹ́fà ló tò sẹ́yìn. Mo ní kó lọ wá wọn wá. Ó wá méjì rí, mẹ́rin ò sí láyé yìí rárá. Ẹ̀rọ ló bí wọn. Èmi tí mo máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí ọ̀rọ̀, mi ò dá ènìyàn tí kò sí rí, kí n wá ní òun ló sọ fún mi.

Bàbá Káfíńtà ló yọ yẹn. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà! Ẹ jẹ́ kó kọjá ná. Ẹ rí i bó ṣe ń rìn? Ìwé tí mo kọ fún un ló gba iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Ó ti kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan. Ẹ ti mọ Faransé ọ́fíìsì tiwa: J'ai l'honneur de venir très respectueusement auprès de votre haute bienveillance. Ọlá, ọ̀wọ̀, àánú gíga, gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ká tó mọ ohun tí ẹni náà wá ṣe. Bàbá Káfíńtà ò dúró síbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni. Ó kí ọ̀gá, ó kí ìyàwó ọ̀gá, ó kí i kú ọ̀rinrìn, ó kí i kú iṣẹ́ ìlú, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Ojú ewé kan kún. Ó fọwọ́ sí i. Èsì tí wọ́n fún un ò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ: wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì bi í pé kí ló ń fẹ́.

Èmi ò ní ká má kíni. Ta ni mo jẹ́? Bí o bá wọlé mi láìkí mi, n kò ní í tẹ ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé ò lè dá ọ lóhùn bí o ṣe ń kí i, kò lè ní "o ṣeun, ilé ńkọ́," òkítì ìwé mìíràn ló sì wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, bí èmi ṣe tò ó rèé: Ṣábẹ̀ àti ọjọ́ òní lókè, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń kọ̀wé, ipò ẹni tí a kọ ọ́ sí. Lábẹ́ rẹ̀, kí ìkíni tó bẹ̀rẹ̀, ìlà kan tí wọ́n ń pè ní "Objet," tó sọ ohun tí a bá wá: ìbéèrè fún iṣẹ́ ṣíṣe ilẹ̀kùn àti àga. Lẹ́yìn náà ọlá àti ọ̀wọ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ó tó. Ta ni mí, kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, ibo ni ẹ ti lè rí iṣẹ́ tí mo ti ṣe, ìwé wo ni mo so mọ́ èyí. Ẹ ṣé. Ọwọ́. Ojú ewé kan, àyè sì ṣẹ́kù. Bàbá Káfíńtà wò ó, ó ní ó dàbí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo ní kó lọ fi ránṣẹ́. Ẹ bi í lónìí bóyá ó ṣì ní bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Tíṣà náà ní irú àìsàn yẹn, oríṣi tirẹ̀ ni ti ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ó gbà pé bí ènìyàn bá lóye ohun tí òun kọ, wọ́n á rò pé òun ò kàwé. Paulin Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó kú ní 2024, jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ohun tó sún mọ́ èyí: pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ń kọjú síta, wọ́n ń kọ̀wé fún ẹni tó wà lókè òkun, wọ́n sì ń kọ ẹ̀yìn sí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Èmi ò lè ka gbogbo ìwé Hountondji tán, àwọn kan níbẹ̀ ju agbára mi lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn yé mi. Ta ni ọmọ Tíṣà ń kọ ọ́ fún? Mo ní kó wá jókòó síbí ní ìrọ̀lẹ́, kó máa kà á sókè, kó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ti ń lọ, kí Ìyá Alákàrà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa gbọ́. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ ò bá ti rí i túmọ̀, kò mọ ohun tó kọ nìyẹn. Kó yọ ọ́. Ibi tí Ìyá Alákàrà bá ti ń tòògbé, kó gé e. Ibi tó bá ti ní "irọ́!" kó dúró, kó bi í léèrè, kó kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fi parí, ojú ewé 94 ti di 61, ó sì ti ń wọ etí. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí yóò lọ gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

Ìjà tó wà nílẹ̀ báyìí gan-an ni mo pè yín sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó to gbogbo àwọn tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sẹ́yìn ìwé: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọ náà ṣe dáadáa, ó kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ olúkúlùkù. Méjì ò fẹ́ kí orúkọ wọn jáde, ó yọ ọ́. Ìyá Alákàrà ní kí wọ́n kọ tòun gàdàgbà. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un pé ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ọmọ Tíṣà wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó bá "vers 1951" níbẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 1951, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ fún àwọn tí wọn ò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀, ó kọ ọ́. Ọmọbìnrin ilé yìí kan ló kà á fún Ìyá Alákàrà. Háà! Ó ní òun ò tíì pé ọgọ́ta. Ó ní aṣojú ìjọba tó kọ káàdì náà ò wo ojú òun dáadáa ni. Ó ní kí ọmọ náà pa á rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó lọ máa ra àkàrà ní Párákù. Ọmọ náà bi ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ohun tí ìwé ìjọba bá sọ ni kó kọ.

Èmi ni mo là wọ́n. Mo ní kó fi ọjọ́ orí náà sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì kọ àkíyèsí kékeré kan sísàlẹ̀ ìwé: gẹ́gẹ́ bí káàdì ìdánimọ̀ ṣe sọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó dára, bí ẹ̀rí méjì bá ta kora, bó ṣe yẹ ká ṣe é nìyẹn. Ọmọ Tíṣà gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, mo sì fi han Ìyá Alákàrà. Ó wò ó, ó ní kí n ka ìsàlẹ̀ yẹn fún òun. Mo kà á. Ó ní ó dára, ó tẹ́ òun lọ́rùn, kìkì pé lẹ́tà ìsàlẹ̀ yẹn ti kéré jù. Ó ní kí n sọ ọ́ di ńlá ju tòkè lọ.